Nígbà Tí Imú Bá Gbógun Ti Àlejò Tí Kò Ṣẹ̀

Aago mẹ́fà ìdájí ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹfà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo jí yín. Imú mi yìí fẹ́ pa mí ni." Ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó fọwọ́ di imú sọ̀rọ̀. Ó ti ń sín láti àná, ojú rẹ̀ ń ṣomi, àjà ẹnu rẹ̀ ń yún un débi pé ahọ́n ló fi ń họ ọ́. Ó ní òtútù ìlú òyìnbó ló mú òun. Mo bi í pé báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lánàá. Ó ní oòrùn mú, àwọn èèyàn tẹ́ aṣọ sórí koríko ní gbàgede, wọ́n ń jẹun. Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Rárá. Ikun tó ń jáde ńkọ́, ṣé ó ki, ṣé ó ní àwọ̀? Ó ní omi lásán ni, tó ń kán bí ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì pa.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe òtútù, pé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó koríko ni ara rẹ̀ kò gbà. Kò tètè gbà mí gbọ́. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ tí òun dé Lọ́ńdọ̀nù, koríko wà níbẹ̀, òun kò sì sín. Ọdún kejì, òun sín díẹ̀díẹ̀, òun rò pé eruku ni. Ọdún kẹta ni imú tó gbé ìjà dìde. Bó bá jẹ́ koríko ni, kí ló ń dúró dè láti ọdún méjì?

Ìbéèrè yẹn dára ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo orí yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí àgbàlagbà kan ń fà símú lójúmọ́ tó nǹkan bíi 10,000 lítà, kò sì sí èyí tó mọ́ nínú rẹ̀. Eruku wà níbẹ̀, èéfín wà níbẹ̀, kòkòrò àrùn wà níbẹ̀. Irun iwájú imú ló ń kọ́kọ́ gba èyí tó tóbi dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikun, tó ń mú ohun tó bá bà lé e bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ. Lábẹ́ ikun yìí ni àwọn irun wínníwínní kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń mì ní ìgbà 10 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo wọn síhà kan náà, wọ́n sì ń ti ikun lọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun níbi tí a ti ń gbé e mì láìfura. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ inú imú nísinsìnyí, láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20, ó ti wà lójú ọ̀nà ikùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìdọ̀tí tí a ń fà símú ni ọ̀nà yìí ń kó dànù láìsí ariwo, láìsí ogun.

Àlejò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Òdòdó tó lẹ́wà, tó ń ta sánsán, kọ́ ló sábà ń fa wàhálà yìí. Oyin àti labalábá ló ń bá irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ru lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú ọ̀hún wúwo, ó sì ń lẹ̀. Koríko kò ní oyin kankan tó ń ràn án lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, ẹni tó bá sì gbé iṣẹ́ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ dànù kí díẹ̀ tó débi tó yẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi birch ló ń kọ́kọ́ fọ́n tirẹ̀, láti ìparí oṣù Kẹta. Koríko gbà á láti àárín oṣù Karùn-ún títí di oṣù Keje. Ní Amẹ́ríkà, èpò kan tí wọ́n ń pè ní ragweed ló ń dààmú wọn láti oṣù Kẹjọ títí yìnyín yóò fi pa á. Hóró lẹ́búlẹ́bú koríko kan kéré débi pé bí a bá to nǹkan bíi 30 lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, gbogbo wọn kò ju mílímítà kan lọ. Síbẹ̀ ó tóbi jù láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún. Imú ló ń dá a dúró, imú náà ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn èèyàn tó mọ èyí. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1819, dókítà kan tó ń jẹ́ John Bostock dìde níwájú àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ka ìròyìn àìsàn ọkùnrin ẹni ọdún 46 kan fún wọn. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ojú ọkùnrin náà ti máa ń pọ́n, tó máa ń yún un, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tí èémí rẹ̀ ń há, ní oṣù Kẹfà ọdọọdún. Bostock fúnra rẹ̀ ni aláìsàn ọ̀hún. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ti fún un ní oògùn lóríṣiríṣi, kò gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1828, ẹni 28 péré ló lè kójọ tí irú rẹ̀ ń ṣe. Ooru ọjọ́ ni Bostock dá lẹ́bi. Àwọn ará ìlú ní òórùn koríko tí wọ́n gé sá sóòrùn ni, orúkọ koríko gbígbẹ yẹn ló sì mọ́ àìsàn náà lára lédè Gẹ̀ẹ́sì títí dòní.

Dókítà mìíràn ní Manchester, Charles Blackley, tí àìsàn náà ń bá jà, ló yanjú ọ̀rọ̀. Kò fi ẹnu wí, ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó fi lẹ́búlẹ́bú koríko sí imú ara rẹ̀, ó sín. Ó fi abẹ́ ha awọ ara rẹ̀, ó fi lẹ́búlẹ́bú náà pa á, ojú ibẹ̀ wú, ó sì ń yún un. Ó wá mú gíláàsì tó ní àtè lára, ó so ó mọ́ bébà tí àwọn ọmọdé ń fi okùn fò sójú ọ̀run, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ sókè réré, ó sì ka iye lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí iye yẹn bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ń le sí i. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1873. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí gidigidi. Kò ní ẹ̀rọ kankan tó tó èyí tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé girama òde òní, síbẹ̀ kò sí ẹni tó tún lè já ohun tó rí ní koro.

Blackley mọ ẹni tó kanlẹ̀kùn. Kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí hóró lẹ́búlẹ́bú koríko bá bà sórí ikun imú, omi tó bá níbẹ̀ ń tàn án jẹ. Ó rò pé òun ti dé orí abo òdòdó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti tú àwọn èròjà purotéènì rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó kó dání láti fi bá abo òdòdó ṣe àdéhùn. Hóró náà fúnra rẹ̀ lè ti máa bá ikun lọ sí ọ̀fun, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ti yọ́ sínú omi, ó sì ti ń jò wọ inú awọ imú. Kò sí májèlé nínú ẹrù yìí. Kò lè bí, kò lè rẹ̀ nínú wa, kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ká ní ara dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n alamí wà nínú awọ imú. Ralph Steinman àti Zanvil Cohn ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn ní New York ní ọdún 1973. Wọ́n ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì dendritic nítorí pé wọ́n ní apá tó ya bí ẹ̀ka igi, apá yẹn ni wọ́n sì ń nà jáde láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ láti fi tọ́ ohun tó ń kọjá wò. (Ní ọdún 2011, wọ́n kéde Steinman fún ẹ̀bùn Nobel, láìmọ̀ pé ó ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá rántí rẹ̀.) Alamí kì í jà. Ó ń mú ègé kan lára àlejò, ó sì ń gbé e lọ sínú àwọn kókó tó wà lọ́rùn, àwọn kan náà tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn pé wọ́n wú bí ọ̀fun bá ń dùn yín. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara kan tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ti ń yẹ ẹ̀rí náà wò.

Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdájọ́ tó ń tibẹ̀ jáde ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àlejò máa lọ. Nínú àwọn kan, pàápàá àwọn tí òbí wọn ní irú ara bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì T dá a lẹ́jọ́ bí ẹni pé aran ló wọlé. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ara mìíràn tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B, àwọn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà kan tí à ń pè ní IgE. Ẹ fojú inú wo igi ẹlẹ́ka méjì tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni IgE rí. Ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì bá ara purotéènì koríko mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo rẹ̀ mu, kò sì bá nǹkan mìíràn mu. Ìdí igi náà ló ń kì bọ ara irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú awọ imú, á sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí pé ẹni náà sín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan lè kọjá, méjì lè kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi nìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì kì í ṣe ọdún àlàáfíà. Ọdún tí ara fi ń pèsè ohun ìjà ni. Àìmọye àwọn tó ń kó lọ sí ìlú òyìnbó ló ń rí irú rẹ̀: wọn kò ní in nígbà tí wọ́n dé, ó wá bá wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí imú wọn ti mọ koríko ibẹ̀.

Bí a ṣe mọ̀ pé ohun ìjà yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìtàn kan tí n kò lè fò. Ní Jámánì, ní ọdún 1921, dókítà kan tó ń jẹ́ Heinz Küstner kò lè jẹ ẹja. Tó bá fi kàn án lẹ́nu, ara rẹ̀ á wú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Carl Prausnitz, ń jẹ ẹja láìsí wàhálà. Prausnitz gba díẹ̀ lára omi ẹ̀jẹ̀ Küstner, ó fi abẹ́rẹ́ gún un sínú awọ ikùn ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó gún omi ẹja sí ojú ibẹ̀ kan náà. Ojú ibẹ̀ wú. Ìbínú Küstner sí ẹja ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ara ẹlòmíràn. Ó gbà tó ọdún 45 kí wọ́n tó rí ohun tó gbé ìbínú náà. Tọkọtaya ará Japan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, ló rí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966. Àwọn ará Sweden méjì, Johansson àti Bennich, náà rí i láti ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1967. Ní ọdún 1968 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní orúkọ IgE.

Sẹ́ẹ̀lì tí IgE ń kì bọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì mast. Paul Ehrlich ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1878, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó rí i pé inú rẹ̀ kún fún àwọn hóró wẹ́wẹ́ bámúbámú, ó rò pé sẹ́ẹ̀lì tó jẹun yó ni, ọ̀rọ̀ Jámánì tó jẹ mọ́ bíbọ́ ẹran kó sanra ló sì fi pè é. Kì í ṣe oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Ohun ìjà ni, pàápàá jù lọ hísítámíìnì. Sẹ́ẹ̀lì mast kì í rìn káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ bí àwọn yòókù. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti fọ́nrán ìmọ̀lára ló ń gbé, bí ọdẹ tó pàgọ́ sí oríta.

Ní ọjọ́ tí purotéènì koríko bá padà wá, tó sì so IgE méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì mast, ọ̀rọ̀ ti parí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á tú gbogbo ẹrù rẹ̀ síta. Hísítámíìnì á kan fọ́nrán ìmọ̀lára, imú á yún, fọ́nrán á ké sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí a sín. Á kan iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan á fẹ̀, omi á máa jò láti inú rẹ̀ sínú awọ. Ikun á máa ṣàn bí omi. Àwọn èròjà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì mast ṣẹ̀ṣẹ̀ rò lójú ẹsẹ̀, irú bíi leukotriene, á tún mú kí awọ imú wú sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí sísín bá ti dáwọ́ dúró, ogun ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣìṣe yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ máa lo oògùn lódì, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó kàn.

Kí sẹ́ẹ̀lì mast tó dákẹ́, ó ti ránṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ imú tí ìjà bà jẹ́ náà ti figbe ta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní ILC2, tí ìmọ̀ wọn kò tíì pẹ́, tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí hàn wọ́n, gbọ́ igbe náà, wọ́n sì ń fọn fèrè ogun sí i. Láti inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn tí wọ́n pè ti ń bọ̀. Wákàtí mẹ́rin sí méjìlá lẹ́yìn sísín àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dé. Aṣáájú wọn ni eosinophil. Inú rẹ̀ kún fún èròjà tó lè jó ara aran bora, ṣùgbọ́n aran kò sí níbẹ̀. Awọ imú onímú ló ń dà á sí. Ní àkókò yìí, sísín lè má pọ̀ mọ́. Imú á dí pa, òórùn ọbẹ̀ á sọnù, orí á wúwo, oorun kò ní já gaara. Ẹni tó jókòó lórí koríko ní ọ̀sán ò mọ̀ pé koríko ọ̀sán ló ń fún òun nímú ní òru.

Ohun tó tún wá burú ni pé bí ìgbà koríko ti ń lọ, imú kì í mọ́ ọn lára. Ńṣe ló ń gbóná sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mast á gòkè wá sí etí awọ, níbi tí àlejò ti ń wọlé. Eosinophil tó wá jà lánàá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè gba lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ kí èèyàn tó sín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, díẹ̀ bíńtín ti tó. Nígbà náà, èéfín, lọ́fínńdà, afẹ́fẹ́ tútù lásán, gbogbo rẹ̀ ló lè mú un sín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Kí ló dé tí ara gbọ́n tó báyìí, tó sì ṣìnà tó báyìí? Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé nítorí aran àti irú àwọn ajẹnirun bẹ́ẹ̀ ni IgE, sẹ́ẹ̀lì mast àti eosinophil ṣe wà. Sísín, ikun tó ń ṣàn, yíyún tó ń mú ká họra, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n láti lé ajẹnirun tó tóbi jáde. Ní ọdún 1989, olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Strachan yẹ ìtàn àwọn ọmọ tó lé ní 17,000 tí wọ́n bí ní Britain láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní ọdún 1958 wò. Ó rí i pé ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n púpọ̀ nílé kì í sábà ní àìsàn yìí tó ọmọ tó dá wà. Ó rò pé àwọn àìsàn kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n ń kó ran àbúrò ló kọ́ ara àbúrò ní ìwà. Ní Gabon, àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní oògùn aran léraléra, wọ́n sì rí i pé ara àwọn ọmọ náà wá ń bínú sí kòkòrò inú eruku ilé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aran tó ń gbé inú èèyàn pẹ́ ní ọ̀nà tó fi ń tu ọmọ ogun ara lójú. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dáwọ́ oògùn aran ọmọ rẹ̀ dúró o. Ẹ̀jẹ̀ tí aran ń fà lára ọmọ kì í padà bọ̀ sípò kíákíá, imú tó ń sín sì ní oògùn.

Ẹni tó ń kà mí láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè béèrè pé ọyẹ́ ńkọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Eruku ọyẹ́, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní Chad wá, ń ha imú, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń jẹ́ kí ikun gan, awọ imú lè ya títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ láìsí IgE kankan níbẹ̀. Ọ̀tá tí ara ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi IgE bá jà nílé ni aáyán àti kòkòrò tíntín tó ń gbé inú mátíráàsì àti ìrọ̀rí, tó ń jẹ èépá ara wa. Afẹ́fẹ́ tó lómi nínú ni kòkòrò yìí fẹ́, nítorí náà ìgbà òjò ló ń gbádùn jù. Bí imú yín bá ń yún láàárọ̀ lórí ibùsùn lóṣooṣù, ẹ má dá ọyẹ́ lẹ́bi. Ẹ wo ìrọ̀rí.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀ pé ìpele méjì ni ogun náà, ẹ ó rí ìdí tí oògùn kan kò fi tó.

Hóró oògùn tí gbogbo kẹ́mísì ń tà, irú bíi chlorpheniramine tí à ń pè ní Piriton, ń jókòó sí àga tí hísítámíìnì fẹ́ jókòó sí. Kò dá sẹ́ẹ̀lì mast dúró. Ó dára fún yíyún àti sísín, ó ń dín omi imú kù, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí imú tó dí, nítorí pé àwọn tó dí i kì í ṣe hísítámíìnì nìkan. Piriton tún ń wọ inú ọpọlọ, ó ń kùn èèyàn lóorun. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó kó tó wakọ̀. Cetirizine àti loratadine kò fi bẹ́ẹ̀ kùn èèyàn lóorun.

Fún ìpele kejì, oògùn steroid tí a ń fín sí imú ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ń pa igbe tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń pe eosinophil lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ojú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà koríko, kó sì máa lò ó lójoojúmọ́, bó sín bí kò sín. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fín ti ihò òsì, kí ẹ fi ọwọ́ òsì fín ti ọ̀tún, kí oògùn lè kọjú sí ẹ̀gbẹ́ etí, kó má máa gbẹ́ ògiri àárín imú. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí hóró tàbí abẹ́rẹ́ steroid tí àwọn kan ń rà láìgba àṣẹ dókítà nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ kíá. Èyí tí à ń fín sí imú, inú imú ló pọ̀ jù lọ ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí à ń gbé mì ń lọ káàkiri ara, ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́ bó bá pẹ́.

Oògùn kíkán tó ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀ ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ni. Bí ẹ bá lò ó kọjá ọjọ́ márùn-ún sí méje, iṣan náà á gbẹ̀san, imú á wá dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì tún fẹ́ kán an sí i. Mo ti rí ẹni tó lò ó fún ọdún mẹ́rin. Róòbù ńkọ́? Menthol inú rẹ̀ ń jẹ́ kí imú rò pé atẹ́gùn tútù ń wọlé, ó sì ń tuni lára ní tòótọ́, ṣùgbọ́n imú kò ṣí jù bó ti wà lọ. Omi iyọ̀ tí a fi ń ṣan imú dára, nítorí ó ń kó lẹ́búlẹ́bú lọ. Omi tí a ti sè tí a sì jẹ́ kó tutù ni kí ẹ fi pò ó, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán.

Ìtọ́jú kan ṣoṣo ló wà tó ń yí ìdájọ́ tí wọ́n ti dá nínú kókó ọrùn padà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Leonard Noon ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1911. Ó ń gún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ omi lẹ́búlẹ́bú koríko, díẹ̀ bíńtín lákọ̀ọ́kọ́, ó sì ń fi kún un. Ó rò pé májèlé wà nínú koríko, pé òun ń mú kí májèlé náà mọ́ wọn lára. Kò sí májèlé níbẹ̀, síbẹ̀ ara wọn yá. Ó kú ní ọdún 1913, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ John Freeman sì tẹ̀síwájú. Lónìí, hóró wà tí a ń fi sábẹ́ ahọ́n lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ pọ̀ sí i, ó sì ń mú kí ara ṣe èròjà mìíràn, IgG4, tó ń dì mọ́ purotéènì koríko kí ó tó dé ọ̀dọ̀ IgE. Abẹ́ ojú dókítà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi kò tíì bẹ̀rẹ̀ èyí. Oògùn fínfín ló ń lò, láti ìparí oṣù Kẹrin. Ó ń ti fèrèsé lálẹ́ ìgbà koríko, ó ń wẹ irun rẹ̀ kó tó sùn, kì í sá aṣọ síta. Ó ṣì ń sín, ṣùgbọ́n ó ń sùn.

Ohun kan ló kù tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 2016, ìjì àrá jà ní Melbourne, ní Australia, ní ìgbà tí koríko ibẹ̀ ń fọ́n lẹ́búlẹ́bú. Hóró lẹ́búlẹ́bú fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó wá kéré tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rọ́ dé ilé ìwòsàn, mẹ́wàá sì kú. Lára àwọn tí èémí wọn há lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ tí kò tíì ní ásímà rí, tó jẹ́ pé imú nìkan ló ti máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Awọ kan náà ló ti imú lọ dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí imú yín bá ń sín, tí àyà yín sì ń fun bíi fèrè, tàbí tí ẹ ń wú ikọ́ lóru, ẹ má ṣe dúró kí ìgbà koríko kọjá. Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.